Orin Ẹ̀yìn Ikú Ìyá Ọdúnọlá

Olórin, ahunṣọ àti alásè ló wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìlú kan, Ìyá Ọdúnọlá sì ń bá gbogbo wọn ṣe. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọmọ rẹ̀ Ọdúnọlá lọ ké sí àwọn olórin pé kí wọ́n wá bá òun tọ́jú rẹ̀. Àwọn olórin ní:

"Ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ni ìyá rẹ ti ń pẹ́ jù. Lọ bá wọn."

Ahunṣọ ní ó di ọ̀dọ̀ alásè, alásè dá a padà sọ́dọ̀ olórin. Lórí ibùsùn, Ìyá ń gbọ́ orin àwọn olórin láti gbọ̀ngán ẹgbẹ́, ó ń fi ahọ́n gbígbẹ gbè é, títí ó fi dákẹ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín tán ni olórin, ahunṣọ àti alásè ya dé pẹ̀lú orin, wọ́n ń jà lórí ẹgbẹ́ tó ni òkú: "Tiwa ni!"

Ọdúnọlá ní: "Ẹ̀yin ìyá mi, ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Erùpẹ̀ ti bo etí tó ń retí yín."