Elégédé Tí Wọ́n Ní Kí A Má Nàka Sí

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dákun, ẹ dáhùn bí ẹni tó jẹun alẹ́. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Mojoyin, sún mọ́ ibí, kí o sì yéé fa irun ọmọlọ́mọ. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó sẹ́yìn, tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn lásán lẹ wá gbà, mo rí yín o. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò sókè, ó já lu Òkété, ó já lu Ehoro, ó sì já lu elégédé kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, tí gbogbo ìlú sì rà.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń ná èkùrọ́ bí owó, ìyá kan wà tó ń jẹ́ Òkété. Opó ni. Ọmọ kún ihò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà òjò ni Òkété fi ń ṣa èkùrọ́, tí ó ń rù ú wọlé, tí ó ń tò ó jọ sí ìsàlẹ̀ ihò, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í wo ojú ọmọ aláìníbaba kó tó dé. Èkùrọ́ yìí ni ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá tán kí òjò tó padà, àwọn náà tán.

Ehoro ní tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ òjò, kò ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ tó mọ̀ ni kí ó sáré dé ibi tí ẹnìkan ti ń jẹun. Lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán, ó bá Akika níbi tó ń sùn sí. Ṣé ẹ mọ Akika? Ẹranko onípẹ̀ẹ́ tí í jẹ ikán lóru, tí ó sì máa ń ká jọ rubutu sùn lọ́sàn-án. Ehoro wò ó, ó tún un wò. Ó lọ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi bò ó mọ́lẹ̀.

Akika la ojú kan. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Oòrùn ń pa yín, mo ní kí n ṣíji bò yín."

"O ṣeun, ọmọ dáadáa," ni Akika wí, ó sì padà sùn. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Akika bá ti jẹ ikán lóru tó padà wá sùn, Ehoro á tún fi ewé tútù bò ó.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ehoro gun orí òkìtì, ó fi igbe bọnu. "Ẹ bá mi yọ̀! Mo ti dá báńkì sílẹ̀! Báńkì Elégédé! Elégédé ńlá kan ń bẹ lábẹ́ ewé yìí, ó sì ń wú. Ẹni tó bá gbé agbọ̀n èkùrọ́ wá, màá fún un ní àfọ́kù igbá kan. Àfọ́kù yẹn ni ìpín rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá bù ú, kóró inú rẹ̀ á di elégédé, kóró inú ìyẹn náà á di elégédé, a ó máa fi elégédé mọ ilé!"

"Ṣí i ká wò," ni Igúnnugún wí.

Ehoro lanu sílẹ̀. "Igúnnugún! Pẹ̀lú orí pípá yẹn! Ṣé ìyá rẹ ò kọ́ ọ nílé ni?"

Ojú ti Igúnnugún. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn bá nàka sí elégédé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so, elégédé á rà. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílẹ̀ yìí tí wọn ò tíì gbá lọ́wọ́ nítorí ẹ̀. Mojoyin, sọ ọwọ́ kalẹ̀, elégédé kankan ò sí níbí. Ohun tí a ò gbọdọ̀ nàka sí, ta ni yóò wá ṣí ewé orí rẹ̀? Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ́tí. Abẹ́ ewé ń ṣe hùùùn, ó ń wú. Ó ń ṣe họ̀ọ̀ọ̀, ó ń rọ̀.

"Ó mà ń mí!" ni Àkùkọ wí.

"Èlé ló ń gorí èlé," ni Ehoro dá a lóhùn. Ó wá dá orin sílẹ̀. Ẹ gbè é o, ẹ má jẹ́ kí ó dá kọ ọ́:

Elégédé mi ń wú o,
*Wú, wú, wùrù!*
Ẹ má mà nàka sí i o,
*Wú, wú, wùrù!*
Ẹ gbé èkùrọ́ yín wá o,
*Wú, wú, wùrù!*
Ọmọ yín á jẹ ẹ́ ṣẹ́kù o,
*Wú, wú, wùrù!*

Ó tó. Ohùn ẹ̀yin àgbà ẹ̀yìn yẹn ló lọ sókè jù, mo sì mọ ìdí ẹ̀.

Òkété ò kọ́kọ́ dá sí i. Ó ń ṣa èkùrọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ ni Àkùkọ ń gun igi, tí ó ń kígbe pé, "Kéékèèkéé! Ó ti lé! Owó ìpín elégédé ti lé sí i!"

"Kí ló mú un lé?" ni Òkété bi í.

"Ìyá wa, kò yé èmi náà. Ó ṣáà ti lé."

Bí Òkété bá lọ pọnmi, ọ̀rọ̀ elégédé ni létí odò. Igúnnugún á ní, "Ní tèmi o, ibi tí nǹkan bá ti ń rùn ni mo máa ń kó ọrọ̀ mi sí. Eléyìí ò tíì rùn, àmọ́ mo ní ìrètí." Ìgbín náà ń bẹ lójú ọ̀nà. Ó ti gbé agbọ̀n èkùrọ́ kan kúrò nílé nígbà tí ìpín kan jẹ́ agbọ̀n kan. Kí ó tó dé ìdí òkìtì, ó ti di méjì. Ó yíjú padà lọ gbé ìkejì. Kí ó tó padà dé, ó ti di mẹ́rin. "Èmi kì í kánjú sí ọ̀rọ̀ ìdókòòwò," ni ó ń wí, ó sì tún yíjú padà.

Ọba wọn ńkọ́? Erin ni ọba. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi, ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Erin wá pe ìpàdé. Ó ní, "Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ajé ìlú yìí yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìṣòro wa. Nítorí náà, mo ti sún ẹ̀ẹ̀rùn síwájú títí ara ìlú yóò fi yá."

"Kábíyèsí!" ni gbogbo wọn hó.

Ibi tí wọ́n ti ń hó ni ewé gbígbẹ kan ti já bọ́ sí orí ọba. Wọ́n mú ewé náà, wọ́n dè é, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń tan àhesọ kálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìpín elégédé tún ti lé.

Ìgbà yẹn ni aládùúgbò kan sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Òkété. Ó ní, "Ọmọ gbogbo wa á máa jẹ elégédé, ọmọ tìẹ á máa họ èkùrọ́." Ọ̀rọ̀ yìí wọ Òkété lára. Nítorí ọmọ ni ìyá ṣe ń gbọ́n, nítorí ọmọ náà ló ṣe ń gọ̀. Ó gbé agbọ̀n kan lọ, ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọ wò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi í wọgbà. Ó tún gbé òmíràn. Ó tún padà wá. Nígbà tó yá, ó gbá ìsàlẹ̀ ihò mọ́ tónítóní, ó gbé gbogbo rẹ̀ fún Ehoro, ó kó àfọ́kù igbá wálé, ó tò ó síbi tí èkùrọ́ wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ò gbọ́ pé wọ́n sún òun síwájú. Ó dé. Odò fà, ilẹ̀ là, ọyẹ́ ń fẹ́. Àwọn ọmọ Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀kan nínú wọn mú àfọ́kù, ó gé e jẹ, ó tu ú dànù.

"Ìyá wa, ṣé elégédé náà nìyí?"

Òkété dì í mọ́ra, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó gbogbo àfọ́kù sínú agbọ̀n, ó kó gbogbo ọmọ sẹ́yìn, ó kọrí sí ìdí òkìtì.

"Ehoro, gba àfọ́kù rẹ, fún mi ní èkùrọ́ mi. Ẹ̀bìtì tí kò peku, kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn."

"Háà! Òkété ló ń pòwe ẹ̀bìtì!" ni Igúnnugún wí.

"Ebi ló ń pa òwe náà, kì í ṣe èmi," ni Òkété dá a lóhùn.

Ehoro kúnlẹ̀, ó sọ ohùn di ti ọmọlúàbí. "Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí a bá gé tiyín kúrò báyìí, gbogbo rẹ̀ ló máa bàjẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa ọlà ìlú ni?"

Ni gbogbo ẹranko tó pé síbẹ̀ bá dojú kọ Òkété. Àwọn tí wọ́n kúkú jọ ń pọnmi! Ẹnìkan ní kò nígbàgbọ́. Ẹnìkan ní ọ̀tá ìlú ni. Igúnnugún ní, "Ìgbà tí ebi bá ń pani gan-an là ń rà sí i!" Àkùkọ ní, "Ìyá wa, ẹkún yín lè mú ìpín lọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun ún sínú."

Inú bí Òkété. Ehoro bí i nínú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí i nínú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bí i nínú jù. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ti rù hangogo. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ní, "Bí ó bá rà, kó rà. Àwọn ọmọ mi á jẹ ẹ́ ní rírà."

Ó na ọwọ́, ó nàka sí elégédé.

Yéè! Ariwo sọ. Òkété na gbogbo ìka ọwọ́ ọ̀tún sí i, ó fi tòsì kún un, ó tún jókòó, ó na ìka ẹsẹ̀ sí i. Àkùkọ dákú. Àwọn tó kù ń wa ẹkún mu. Ariwo pọ̀ débi pé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mì. Ewé dìde. Orí kékeré kan yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o," ni Akika wí. "Ta ló kú?"

Akika yán, ó gbọn ara, ewé díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní ariwo ibí yìí ò jẹ́ kí àgbàlagbà sùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ.

"Akika ni!" ni Òkété kígbe. "Ẹ wò ó, Akika ni!"

Gbogbo wọn wò ó. Wọ́n rí ìpẹ́, wọ́n rí ìrù. Igúnnugún wá gbé apá sókè, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, elégédé wa ti hu ẹsẹ̀!"

Àkùkọ jí láti inú dídákú. "Kéékèèkéé! Ó ti lé! Elégédé tó ń rìn!"

"A ò ní san owó aláàárù mọ́! Fúnra rẹ̀ ni yóò máa rìn lọ sọ́jà!" ni ẹlòmíràn kígbe.

Ni wọ́n bá ya bo Òkété. Wọ́n ní ìka rẹ̀ ló mú elégédé rìn, àfọ́kù ọwọ́ rẹ̀ ló dára jù. Àmọ́ kò sí èkùrọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, nínú ihò Ehoro ni gbogbo rẹ̀ wà. Igúnnugún ní òun á fi ìyẹ́ òun rà á. Ìgbín, tí kò tíì rí ìpín kan rà láti ọjọ́ yìí, ní òun á fi ilé òun rà á, ó sì ń tiraka láti bọ́ ọ lẹ́yìn.

Ehoro rí i. Ó mọ̀ pé Akika ni. Òun náà ló kúkú fi ewé bò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí Ìgbín tó ń bọ́ ilé rẹ̀ nítorí àfọ́kù igbá, ojúkòkòrò gbé e wọ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá ra gbogbo ti ìyá yìí, tí mo tà á kí Akika tó kọjá ọ̀hún yẹn, ilé Ìgbín di tèmi. Ìyẹ́ di tèmi. Gbogbo ìlú di tèmi!" Ó ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá wa, èmi ni kí ẹ tà á fún!"

"Èkùrọ́ mi ńkọ́?"

"Ẹ wọ inú ihò lọ kó o! Ẹ ṣáà yára!"

Òkété ò dúró gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ wọ ihò Ehoro, wọ́n kó iye tí wọ́n gbé wá, wọ́n sì jáde. Ó dúró lẹ́nu ihò, ó ń pariwo, "Ẹ wá kó tiyín o! Ihò ṣí sílẹ̀ gbayawu!" Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ń sáré tẹ̀lé elégédé tó ń rìn, Ehoro ń sáré tẹ̀lé wọn pẹ̀lú agbọ̀n àfọ́kù lórí, ó ń kígbe, "Ta ló ń rà? Ta ló ń rà?"

Akika dé ìdí òkìtì ọ̀gán mìíràn. Ó walẹ̀, ó wọlẹ̀, ó fi iyẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà.

Àkùkọ lanu, ohùn ò jáde. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá rántí ihò. Ẹ wo eré! Wọ́n da àfọ́kù tiwọn náà lu Ehoro mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹni tó tètè dé rí díẹ̀ kó. Ẹni tó dé lẹ́yìn bá ilẹ̀ lásán, nítorí Ehoro ti jẹ púpọ̀ níbẹ̀. Igúnnugún kò rí hóró kan kó. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ òkú títí di òní. Nígbà tí Erin gbọ́, ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ihò òfìfo yẹn ni elégédé, kí ẹnikẹ́ni má nàka sí i. Ehoro náà ń sá kiri inú igbó, etí rẹ̀ nàró, ó ń retí kí ẹnìkan sọ pé òun fẹ́ rà.

Nílé Òkété, èkùrọ́ ń fọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Ìyá wọn jókòó tì wọ́n, ó ń wo ẹnu wọn bí ó ti ń lọ, ẹ̀rín ń pa á, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ó kọ́ wa pé ohun tí wọ́n bá ní kí a rà tí wọ́n sì ní kí a má wò, kí a má fi oúnjẹ ọmọ wa rà á. Bí gbogbo ìlú bá sì jọ ń pariwo pé ó ti lé, kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ ṣí ewé. Bí irọ́ ni mo pa fún yín, kí obì má gbó lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí òótọ́ ni, kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí orin ti tán kó àfọ́kù inú àpò yín jáde, kí a jọ wò ó.