Ohun Tí Àkókó Ń Bi Igi

Nígbà láéláé, àkókó ò ní fìlà pupa lórí, àgógó ẹnu àtíòro sì tọ́ gbọọrọ bí ọ̀pá ilẹ̀kùn. Orí ẹ̀ka ni gbogbo ẹyẹ ń sùn. Bí òjò bá dé, wọn a rin gbingbin.

Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilé sínú igi. Ni Àkókó àti Àtíòro bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àtíòro ló fi oṣù kan ṣáájú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni Àkókó ń pè é. Àtíòro sì fẹ́ràn orúkọ náà ju oúnjẹ lọ.

Ọ̀gá Ọ̀kẹ́rẹ́ mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ka yìí, orí ẹ̀ka kejì ni yóò ti parí rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń sáré kọjá ló wí pé, "Ẹ kan igi, kẹ́ ẹ dẹtí sí i, kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ o!"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀gá," ni Àtíòro wí, ó sì ń gbọn ìyẹ́ rẹ̀.

Àkókó ò mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀. Ó sáré tẹ̀lé ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, kí ni mo máa gbọ́?"

"Bó bá dún kán-kán, kókó igi wà níbẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Bó bá dún bò-bò, ó rọ̀ nínú. Ibẹ̀ ni kó o gbẹ́."

Àkókó gbìyànjú. Ihò àkọ́kọ́ tó gbẹ́ fẹ̀ ju ìkòkò lọ. Ó padà lọ béèrè. Ó tún lọ, ó tún lọ.

"Àkókó, orí ẹ mà le o!" ni ọ̀gá pariwo.

Àtíòro rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ẹ̀ já bọ́. Ojú ti Àkókó gan-an. Ṣùgbọ́n ẹyin mẹ́ta ló wà nínú ikùn rẹ̀, òjò ọdún tó kọjá ló sì gbọn ẹyin rẹ̀ dànù látorí ẹ̀ka. Kò fẹ́ sun irú ẹkún yẹn mọ́ láé. Ó gbé ìtìjú tì, ó tún lọ béèrè.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n máa gba fírídọ́ọ̀mù, Ọ̀gá Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé fìlà pupa kan ṣoṣo kọ́ sórí ẹ̀ka. "Ẹni tó bá gbẹ́ ilé tirẹ̀ kí òjò tó dé ló ni ín." Ojú ọ̀run sì ti ń ṣú.

Àtíòro ò kan igi kankan. Ó yan èyí tó dán jù, ó fò sẹ́yìn, ó sì fi gbogbo agbára sọ àgógó mọ́ ọn. Gbàgà! Kókó igi ló bá pàdé. Àgógó gbọọrọ náà tẹ̀ kọdọrọ.

Àkókó ní tirẹ̀ kan igi bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna. Kán-kán. Ó sún sókè. Kán-kán. Àrá sán, àyà rẹ̀ já. "Igi, dákun, kí lo wí?" Bò-bò! Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Bí ìrù rẹ̀ ti wọlé tán ni òjò dé.

Ọ̀gá fi fìlà dé e lórí. "Irú orí tó le báyìí ni fìlà yẹ," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àtíòro dúró sínú òjò, omi ń kán ní àgógó rẹ̀. "Àbúrò mi, báwo ni wọ́n ṣe ń kan igi ọ̀hún ná?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àná nìyẹn. Àgógó yín ò lè gbẹ́gi mọ́." Àánú rẹ̀ ṣe Àkókó. "Ẹ lọ wọ ihò àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́. Ó fẹ̀, á gbà yín dáadáa."

Láti ọjọ́ náà ni àgógó àtíòro ti tẹ̀, tó jẹ́ pé ihò tí ẹlòmíràn gbẹ́ ló ń wá kiri láti gbé. Láti ọjọ́ náà náà ni àkókó ti ń dé fìlà pupa, tó ń kan igi, tó ń dẹtí, tó tún ń kàn án. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lóko, ẹ má rò pé kò mọṣẹ́ o. Ó ti di ọ̀gá tipẹ́. Ó ṣì ń béèrè ni.