Àgbò Tó So Ọlọ Mọ́ Ọmọ Rẹ̀ Lọ́rùn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ààlọ́ mi já wálẹ̀, ó bọ́ sọ́rùn Àgbò àti ọmọ rẹ̀, Akínkúnmi.

"Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń jẹ ọdún ìjàkadì lójú agbo kan náà, Òbúkọ gbé Àgbò ṣánlẹ̀. Ìtìjú bo Àgbò. Ó ti dàgbà, kò lè jà mọ́. Ló bá kọjú sí ọmọ rẹ̀ tí ìwo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí rẹ̀, ó ní, 'Ìwọ lo máa gbẹ̀san mi lọ́dún tó ń bọ̀.'"

"Ọmọ kékeré yẹn, Ìyá Àgbà?"

"Òun náà ni. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀.

"Ó mú un lọ bá Bàbá Òjélabí, àgbà oníjàkadì tó ń kọ́ gbogbo ọmọ ìlú. Bàbá ní kó máa sáré gun òkè láàárọ̀, kó máa bẹ̀rẹ̀, kó máa dìde. Tó bá ṣe é lónìí, kó sinmi lọ́la.

"Àgbò ní, 'Òkúta ńkọ́? Kí ni yóò máa gbé?'

"'Ara rẹ̀ ni. Eegun rẹ̀ kò tíì gbó. Ìgbà tó bá gbé ara rẹ̀ dáadáa la ó tó fún un ní ẹrù kékeré.'

"Àgbò yọ ṣùtì. 'Eré ọmọdé lẹ̀ ń ṣe níbí!' Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ sílé, ó so ọmọ ọlọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ojoojúmọ́ ló ń lé e gun òkè, ọmọ ń kọrin. Ẹ gbè é:

Bàbá mi, ọrùn ń ro mí o,"

"Jáńjálá, gbé e!"

"Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀ o,"

"Jáńjálá, gbé e!"

"Ẹ sì ń pàtẹ́wọ́! Ṣé orin ayọ̀ nìyẹn?

"Ìyá rẹ̀, Àgùntàn, bẹ̀bẹ̀: 'Baálé mi, ọmọ yìí kò lè tẹrí ba jẹko mọ́.'

"'Ìwọ lò ń bà á jẹ́. Akọ kì í ké.'

"Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, ó tú ọmọ ọlọ, ó so ìyá ọlọ. Ó ní kó sáré. Ọmọ sáré dé ìdajì òkè, ọrùn rẹ̀ dún pọ́! Ó ṣubú."

"Ó kú?"

"Kò kú. Ẹ̀yin rò pé ikú nìkan ló burú. Orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gbé e sókè mọ́ láéláé.

"Ọjọ́ ọdún pé. Àwọn ọmọ Bàbá Òjélabí ń jà, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Akínkúnmi fara ti ìyá rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Òbúkọ fúnra rẹ̀ wá kí wọn: 'Àgbò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣe ọmọ wa?'

"Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá náà sọ lójú gbogbo ayé: 'Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀lẹ ni. Òun ni kò lágbára.'

"Ọmọ náà gbọ́. Ó ní, 'Ẹ má bínú, Bàbá mi.'"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ lágbára, kó jẹ́ kí eegun rẹ̀ gbó. Ìtìjú àgbà kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ibi tí mo bá wọn dé nìyí tí mo fi padà. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín tó kù sí mi lẹ́nu ká kí ilẹ̀ tó mọ́."