Ẹ̀wù Tí Hesekáyà Fi Wá Ìbò

"Ẹni tí yóò dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò." Kò sí ilé tí wọn kì í ti í pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń nàka sí Ọ̀yọ́, ẹ ti ṣìnà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, láyé ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, tí wọ́n ń lọ tẹ ìlú tuntun dó nínú igbó. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó mú tirẹ̀ wá.

Hesekáyà Tọ́bìn ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ńlá nílùú, ó sì ń wá ipò aṣòfin lójú méjèèjì. Ó ti du ipò náà rí, ó fìdí rẹmi. Ìyàwó rẹ̀ wá kìlọ̀ fún un pé bó bá tún pàdánù, kó gbàgbé òṣèlú, kó jókòó ti ọjà rẹ̀.

Aṣọ ló ba tàkọ́kọ́ jẹ́. Bí olóṣèlú bá wọ aṣọ tó jọjú dé ọ̀dọ̀ àwọn ará oko tó ń tẹ ìlú tuntun dó wọ̀nyí, wọ́n á ní ó wá gba ilẹ̀ àwọn ni. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n a máa wọ aṣọ gbígbó, a gun orí kùkùté igi, a sì máa sọ̀rọ̀ bí àgbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Hesekáyà fi kóòtù rẹ̀ pamọ́, ó yá ẹ̀wù ẹni tó ń bá a sin ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀wù náà ya lọ́rùn, ó ya nígbọ̀nwọ́, òórùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó gun kùkùté nígbà tí òtútù ọdún ń wọlé bọ̀.

"Ẹ̀yin ará mi," ó ní, "ẹ dìbò fún mi, èmi fúnra mi ni n ó dá aṣọ òtútù fún gbogbo ọmọ yín!"

Òótọ́ ló ń sọ o. Aṣọ náà kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àjà.

Màmá Kétúrà, opó kan tí òtútù ọdún tó kọjá pa ọmọ rẹ̀, dìde. Obìnrin kì í dìbò nígbà náà, ṣùgbọ́n òfin ò ní kí wọ́n panu mọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, ta ló dá èyí tó wà lọ́rùn yín fún yín?"

"Bó ṣe ń ṣe yín ló ń ṣe mí, Màmá. Tálákà ni mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tálákà wo ló wá ń dáṣọ fún odindi ìlú?"

Hesekáyà fa ọrùn ẹ̀wù náà pọ̀. Bó bá ní òun ní aṣọ, àkísà di irọ́. Bó bá ní òun ò ní, ìlérí di irọ́. Ká sòótọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Màmá Kétúrà kọjú sí àwọn ọkùnrin. "Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan ṣèlérí aṣọ fún mi. Mo dúró dè é, mi ò rán ti ọmọ mi. Ẹni tí yóò dáṣọ fúnni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọrùn rẹ̀."

Ẹni tó yá a lẹ́wù pàápàá ò dìbò fún un.

Nígbà tí ìbò parí, Hesekáyà gbé kóòtù rẹ̀ wọ̀, ó gun ẹṣin gba àárín wọn kọjá lọ sílé. Wọn ò dá a mọ̀. Wọ́n ṣí fìlà fún un.

"Ẹ wo gbajúmọ̀," ni wọ́n wí. "Kí ló dé tí irú èyí kì í jáde wá du ipò?"

Àwọn àgbà kì í fi òwe yìí fi tálákà ṣẹ̀sín. Ìgbà tí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò bá ní òun fẹ́ kọ́lé fúnni ni wọ́n ń pa á. Wọ́n á ní ká wo ọrùn rẹ̀ dáadáa, ká tó sọ abẹ́rẹ́ tiwa nù.