Bí Àwẹ̀ró Adárin Ṣe Di Olóhùn-Òkè ní Ìsánrìn

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí ní agbo ilé Ṣówándé ni Ìyá Ẹfúnlójú, abọrẹ̀ Olóhùn-Òkè, ní ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo gbogbo oko Ìsánrìn tán, nígbà tí ó kó tọmọdé tàgbà jọ sí ẹ̀gbẹ́ ojúbọ, tí ó ní kí wọ́n má ṣe torí ebi gbàgbé orin. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni a ṣe ń sọ ọ́. Ibi tí ó bá ti ní òun kò mọ̀, a kò fi ti ara wa dí i.

Ní ayé àtijọ́, kí Ìsánrìn tó mọ odi, kí igi ìrókò ojúde ọba tó hù, òkè ńlá tí ó wà lẹ́yìn ìlú náà yadi. Àrá a sán lé e lórí, ọdẹ a kígbe ní ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn darandaran a pe ẹran wọn lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òkè kò jẹ́ fèsì. Wọ́n máa ń fi í bú ọmọ tí kò bá dáhùn pé, "Ṣé òkè ni ọ́ ni?"

Ní ayé náà, orin ni Ìsánrìn fi ń fọwọ́ sí ọ̀ràn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnìkan joyè, bí wọ́n bá fẹ́ gba àlejò sí ìlú, bí wọ́n bá fẹ́ lé ọ̀daràn jáde, ọba a sọ tirẹ̀, àwọn ìjòyè a sọ tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì múlẹ̀ àfi bí adárin bá bọ́ sí ojúde, tí ó dá orin ọ̀ràn náà, tí ìlú sì gbè é. Orin tí ìlú bá ti gbè ti di òfin, ọba pàápàá kò lè yí i padà. Èyí tí wọn kò bá sì gbè, adárin kò gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ jẹun, omi nìkan ni ó lè mu, títí ìlú yóò fi gbè é tàbí títí ohùn rẹ̀ yóò fi tán. Nítorí náà, adárin kì í la ẹnu sí orin tí kò bá dá a lójú.

Àwẹ̀ró, aya Ṣówándé ọdẹ, ni adárin ìlú nígbà náà. Obìnrin dúdú, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí ń gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, tí ó bá sì gbóhùn sókè, olóko á fi ọkọ́ sílẹ̀, alágbẹ̀dẹ á fi ewìrì sílẹ̀. Ìbídùn, orogún rẹ̀, ni olórí àwọn elégbè. Àwọn ará ilé máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé Ṣówándé kàn jẹ́ onílé lásán ni, orin ló fẹ́ àwọn obìnrin méjèèjì. Bí wọ́n bá ń kọ́ orin lẹ́yìnkùlé, Àwẹ̀ró á ní, "Ìyàwó, ohùn rẹ lónìí dàbí ti ewúrẹ́ tó gbé iyọ̀ mì." Ìbídùn á dá a lóhùn pé, "Ìyáalé mi, ẹni tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ lé ni ká bi léèrè ohun tó fún un jẹ." Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á tún un dá, wọn á tún un gbè.

Ó di ọdún kan, ogun tú ìlú Ìlamọ̀. Amọ̀kòkò ni wọ́n níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú wọn rìn títí wọ́n fi dé etí odò Ìsánrìn. Lájúwọ̀n, àgbà tí ó kó wọn wá, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ọba. Ọba ní kí wọ́n pàgọ́ sí etí odò ná, pé bí ọdún iṣu tuntun bá kò, ìlú yóò dá orin Ẹ Wọlé fún wọn, wọn yóò sì di onílé. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n pàgọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wa amọ̀ ní òkè odò, nítorí ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kan kì í fi ọwọ́ lẹ́rán.

Ibi tí ọ̀ràn ti wọlé nìyẹn. Ọba Adégorítẹ́ ni ó wà lórí oyè, a-bínú-má-wẹ̀yìn, iná tí ń jó tútù mọ́ gbígbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pọn omi ìwẹ̀ fún un nínú odò, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ tó kí ẹni tó pọn ọ́n rí àwọ̀ rẹ̀. Ọba bu omi dà sórí, ó fọwọ́ nu ojú, ó rí i pé ẹrẹ̀ amọ̀ ni òun fi wẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọba bú ramúramù láti ilé ìwẹ̀ pé, "Wọ́n ti sọ èmi ọba di ẹlẹ́dẹ̀! Kí wọ́n jáde! Kí wọ́n jáde ní ilẹ̀ mi!"

Wọ́n pe ìlú jọ sí ojúde. Ọba jókòó, amọ̀ ṣì wà létí rẹ̀ kan, kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un. Ó ní kí Àwẹ̀ró bọ́ síwájú, kí ó dá orin Ẹ Máa Lọ.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Orin tí ẹ ní kí n dá, ọ̀fun mi kò gbà á. Obìnrin kan nínú wọn bímọ sí abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lánàá. Ibo ni mo fẹ́ ní kí ó máa gbé e lọ?"

Kí ọba tó fèsì, ó dìde, ó mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó sì dá orin tí wọn kò rán an:

Ẹni tó dé, ẹ yà á sílé o,
Ilẹ̀ Ìsánrìn kò kún.

Gbogbo ìlú mọ ègbè rẹ̀. "Kò kún, kò kún" ni. Ìbídùn ti la ẹnu, àwọn elégbè ti mí sínú, ni ọba bá na ìrùkẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó bá gbè é, kí ó lọ di ẹrù rẹ̀! Pẹ̀lú wọn ni yóò jáde. N óò wó ilé rẹ̀, n óò sì gbin gbòrò síbẹ̀."

Ìbídùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rántí ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, tí ó dùbúlẹ̀ nínú ilé, tí kò lè rin ìrìn ogún ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá wó ilé náà, ta ni yóò gba arúgbó arọ mọ́ra lójú ọ̀nà? Ó wo ìyáalé rẹ̀, ìyáalé rẹ̀ wò ó.

Àwẹ̀ró kò bínú. Ó tún orin náà dá, kò sí ẹni tó gbè é. Ó sún mọ́ Ìbídùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó, má sunkún. Orin yìí wúwo ni, mo fẹ́ gbé e lọ sí ibi gíga." Ó yíjú sí òkè tó yadi, ó ń gùn ún, ó ń kọrin lọ.

Ọba ní kí wọ́n jẹ́ kí ó máa gùn. Bí ohùn rẹ̀ bá ti tán, orin ti kú nìyẹn, àwọn ará Ìlamọ̀ yóò sì lọ. Ó fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹsẹ̀ òkè, ó ní omi kò gbọdọ̀ kọjá níbẹ̀. Àṣìṣe ọba nìyí, nítorí òfin yọ̀ǹda omi fún adárin.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbídùn gbé kèrègbè omi dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹ̀ṣọ́ tí ó wà níbẹ̀ dojú kọlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín. Àwa náà ń gbọ́ ọ."

"Ẹ ń gbọ́ ọ, ẹ kò sì gbè é?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un ju ọ̀kọ̀ lọ. Ó padà sílé, ó jókòó síwájú ọkọ rẹ̀, kò lè jẹun. Ṣówándé ní, "Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́."

"Bàálé mi, ojú mi ti rí, ẹnu mi sì ti dákẹ́. Àyà mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn."

Láti inú yàrá ni ìyá rẹ̀ ti gbọ́ wọn. Ó ní, "Ìbídùn, torí mi ni o ṣe pa ẹnu mọ́? Ta ló sọ fún ọ pé ògiri yìí ni ilé mi? Ẹ̀yìn rẹ ni ilé mi. Pọ̀n mí, jẹ́ ká lọ."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, àwọn ará Ìlamọ̀ ti gbé ẹrù karí, wọn kò dúró kí ọba fi ipá lé wọn. Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, wọn kò lè kọjá, nítorí ohùn Àwẹ̀ró ṣì ń bọ̀ láti òkè, tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Gbogbo ìlú ti jáde, wọ́n dúró, ojú ń tì wọ́n. Wọ́n sì rí Ìbídùn tí ó ń bọ̀, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ẹrù lórí, kèrègbè omi lọ́wọ́, ó lọ bọ́ sáàárín àwọn tí a fẹ́ lé.

Lókè, Àwẹ̀ró dá a lẹ́ẹ̀kan sí i: "Ilẹ̀ Ìsánrìn kò kún..."

"Kò kún! Kò kún!"

Òkè ló kọ́kọ́ gbè é ni, tàbí Ìbídùn? Ìyá Ẹfúnlójú ní òun kò mọ̀, àwọn tó bí òun náà kò mọ̀, pé ohùn méjèèjì lọ pọ̀ bí omi odò méjì. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé òkúta tí kò fọhùn rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ dáhùn lọ́jọ́ náà, ó dún dé oko, ó dún dé odò. Ẹ̀ṣọ́ ju ọ̀kọ̀ nù, ó gbè é. Àwọn elégbè gbè é. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo Ìsánrìn gbè é.

Ọba fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀. "Ta ló kọ́kọ́ gbè é?"

Ìyá Ìbídùn ló fèsì láti ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. "Kábíyèsí, òkè ni. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ẹ óò lé e lọ."

Ẹnìkan fi ẹ̀rín bọnu, ẹ̀rín ran gbogbo agbo, ọba sì dúró bí ẹni tí wọ́n tún da omi lé lórí.

Ìbídùn sọ ìyá rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé kèrègbè, ó sáré gun òkè. Ó bá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lórí òkúta. Ó bá ipa ẹsẹ̀ nínú ìrì, ó tẹ̀ lé e dé ojú àpáta, níbẹ̀ ni ipa ẹsẹ̀ pin sí. Kò rí òkú, kò rí aṣọ. Ó sunkún títí, ó da omi náà sórí àpáta, ó sì dá orin fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Láti inú òkúta, ohùn ìyáalé rẹ̀ gbè é. Ẹni tí ó ti ń dárin fún ìlú láti ọjọ́ yìí wá ti di elégbè fún gbogbo ayé.

Àwẹ̀ró Olóhùn-Òkè, ọ̀fun tí òùngbẹ kò lè dí,
A-fi-òkúta-ṣe-ègbè, ìyá àlejò, ìyá onílé,
A pè ọ́ o kò dákẹ́, jẹ́ kí ayé dá wa lóhùn.

Nítorí omi tí wọ́n fi dù ú, omi tútù ni a kọ́kọ́ ń ta sílẹ̀ fún un, kí á tó gbé oyin àti àkàrà kalẹ̀. Èèwọ̀ ni kí á fi ìgbín bọ ọ́, nítorí ìgbín kò ní ohùn. Èèwọ̀ ni kí á fi ọwọ́ bo ẹnu níwájú ojúbọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dá orin ní Ìsánrìn, ìbáà ṣe wèrè, ìbáà ṣe ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ẹni tí ó bá wà nítòsí gbọdọ̀ gbè é. Ọmọ ilé Ṣówándé ni ó ń dárin títí di òní, ọmọ ilé Lájúwọ̀n ni elégbè, àwọn ni wọ́n sì mú ìkòkò amọ̀ wọ inú eré wa, tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lù ú lẹ́nu, tí ó ń dún bùm-ún bùm-ún lábẹ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Abọrẹ̀ a máa ti inú ilé méjèèjì wá, bí ọ̀kan bá kú, èkejì a gorí àga.

Òfin ti múlẹ̀ lọ́jọ́ tí òkè gbè é, ṣùgbọ́n ọba kò tíì gbè é, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ààfin, àwọn ará Ìlamọ̀ kò sì lè fi ọkàn balẹ̀ kọ́lé. Ọjọ́ Òòṣà, ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Ògún, ọdún náà gan-an, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àtàrí, ni Ọba Adégorítẹ́ jáde pẹ̀lú kèrègbè omi lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó gun òkè, ó ta omi sílẹ̀, ó sì dúró títí Ìbídùn fi dá orin náà tán. Ọba kò mọ orin í kọ rárá, ohùn rẹ̀ ha bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó, síbẹ̀ ó gbè é, gbogbo ìlú gbọ́ ọ, àwọn ará Ìlamọ̀ sì sọ ẹrù kalẹ̀.