Ewé Ogún Di Márùn-ún

Láyé àtijọ́, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní ìlú Òkè-Ewé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ kọ́ ewé lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kékeré, nínú ọgbà ewé ìlú, kó tó ṣe ìdánwò. Bàbá Ewégbèmi, àgbà oníṣègùn, yóò to ọgbọ̀n ewé sílẹ̀, ọmọ yóò sì dárúkọ ogún, ó kéré tán, pẹ̀lú àrùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wò.

Lọ́dún kan, àádọ́rùn-ún ọmọ ló jókòó ṣe ìdánwò náà. Méje péré ló yege. Àwọn òbí fárígá. Inú Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dùn, nítorí Akínbọ̀dé ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó fìdí rẹmi.

Ewégbèmi bi Akínbọ̀dé léèrè níwájú gbogbo ìlú pé, "Ṣé wọn kì í mú yín dé ọgbà ewé ni?"

"Ọgbà wo, Bàbá? Àgbàdo bàbá mi ló wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa ló ń ro ó."

Ìtìjú ì bá pa ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ wúkọ́, ó ní, "Ìdánwò yín ló le jù. Láti òní lọ, ẹni tó bá ti mọ ewé márùn-ún ti wọlé."

Àgbàdo kò kúrò lórí ilẹ̀ o. Lọ́dún kejì, ọgọ́rin ọmọ yege, Akínbọ̀dé náà wà lára wọn, àwọn òbí ń kí ara wọn kú oríire. Oríire! Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tó ṣe, Akínbọ̀dé di oníṣègùn. Àwẹ̀ró, opó kan tó ń hun aṣọ, mú Àríkẹ́ tọ̀ ọ́ wá. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn, òun ló sì ń kọ́ níṣẹ́ òfì. Làpálàpá bo orí ọmọ náà, àbààwọ́n funfun kan sì wà lápá rẹ̀. Ewé làpálàpá wà nínú márùn-ún tí Akínbọ̀dé mọ̀. Ó gún un, ó fi pa á lórí.

"Èyí tó wà lápá ńkọ́?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Àwọ̀ lásán ni."

Orí Àríkẹ́ jinná, ó ń dán. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún méjì tí ìka rẹ̀ fi ń ká kò, kò lè di òwú mú mọ́. Àwẹ̀ró gbé e lọ bá Ewégbèmi. Bàbá fi ẹ̀gún gún àbààwọ́n náà, ọmọ kò mira.

"Ẹ̀tẹ̀ ni. Kí ló dé tí o kò tètè gbé e wá?"

"Bàbá, oníṣègùn ni mo gbé e lọ bá!"

Àwẹ̀ró fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ààfin Baálẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ Àríkẹ́ sókè níwájú àwọn ìjòyè.

"Ẹ wò ó! Ọmọ yín rí ẹ̀tẹ̀, làpálàpá ló wò. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà rí ọgbà tó ti run, ìdánwò lẹ gé kúrú!"

Wọ́n fa àgbàdo náà tu lọ́jọ́ náà. Ìka Àríkẹ́ kò nà mọ́ títí ó fi dàgbà. Nígbà tí àwọn àgbà bá sì rí i tó ń kọjá, wọn a mi orí, wọn a ní: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.