Ọwọ́ Olóòlà àti Igbá Ẹmu

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í bá abẹ ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀dọ̀ kò lẹ́nu, ara ní í bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni òrìṣà sọ fún Ògúnjìnmí, olóòlà ìlú Ìdó-Àgbọn, nígbà tí iṣẹ́ tí baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ fẹ́ bọ́.

Kò sí olóòlà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Bí ó bá kọ àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ilà náà a gún bí poro oko. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọtí. Kò tíì bọ́jú láàárọ̀ tí yóò ti mu igbá ẹmu kan. Bí ọ̀sán bá sì kàn, òun àti Àlàdé, olóòlà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a jókòó ti ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Nígbà tí ó ṣe èyí fún ọdún mẹ́wàá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, kò sì ní dẹ́kun títí ẹmu yóò fi kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Oúnjẹ kò wù ú mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ a jìn. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ó ní ayé ló ń ṣe òun.

Ní ọjọ́ kan, ìyàwó alágbẹ̀dẹ gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá kọlà. Abẹ lọ dáadáa ní ilà kìíní àti ìkejì. Ní ìkẹta, ọwọ́ gbọ̀n, abẹ yà, ó ku bí hóró ọkà kan kí ó kan ojú ọmọ. Ìyá ọmọ náà sáré gbé e. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó sì wo ọwọ́ Ògúnjìnmí títí kí ó tó jáde. Ìwò yẹn dun ọkùnrin náà ju èébú lọ.

Ó mú ọ̀nà pọ̀n, ó tọ Efúnyẹmí lọ, arúgbó obìnrin tí ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ṣe àyẹ̀wò, ọmọ òrìṣà tí kì í fi ẹnu kan ẹmu. Àlàdé sìn ín lọ. Arúgbó da owó ẹyọ sílẹ̀: mẹ́jọ ṣí, mẹ́jọ dé.

Ó ní, “Ògúnjìnmí, kò sí ọ̀tá níbí. Ẹ̀dọ̀ rẹ ló ń ké. Òun ní í sẹ́ májèlé kúrò nínú ohun tí a bá gbé mì. O kò jẹ́ kí ó sinmi rí. Bí o bá ń bá a lọ báyìí, yóò gan bí awọ tí a sá sóòrùn, omi yóò sì kún inú rẹ.”

“Ìyá, kí ni kí n fi rúbọ?”

“Ẹyẹlé funfun méjì, ìgbín mẹ́rin, àti abẹ rẹ. Abẹ yóò wà lẹ́sẹ̀ òrìṣà títí ọwọ́ rẹ yóò fi dákẹ́. Èyí tó tóbi jù nínú ẹbọ náà ni igbá tí o fi ń mu.”

“Ṣé kí n fọ́ ọ lónìí?”

“Má fọ́ ọ. Ọtí tó ti bá ẹ̀jẹ̀ mulẹ̀, bí a bá lé e jáde lójijì, a máa fa onílé dání. Mo ti rí ẹni tí gìrì mú ní ọjọ́ kẹta. Igbá kan péré ni kí o máa mu lójúmọ́. Gbé e wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà, èmi yóò máa fi ẹfun fa ìlà sínú rẹ̀, ìlà náà yóò sì máa lọ sílẹ̀. O kò gbọdọ̀ bu ẹmu kọjá rẹ̀.”

Àlàdé rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, ẹmu ni baba wa mu dàgbà. Ògún tí ó ni abẹ wa pàápàá ń mu ún.”

Efúnyẹmí kó owó ẹyọ rẹ̀ jọ. “Ògún ń mu ún. Ìwọ kì í ṣe Ògún. Ohun kan náà ni mo rí lára rẹ, rú ẹbọ tìrẹ.”

Àlàdé dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ògúnjìnmí rúbọ. Kò rọrùn. Òógùn ń bò ó, oorun kọ̀ ọ́, gbogbo iṣẹ́ ìlú sì bọ́ sọ́wọ́ Àlàdé. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ a máa fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, a sì gbé ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀ kí ó máa bó o láti fi dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Lákọ̀ọ́kọ́, fífọ́ ló ń fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọjà kẹfà, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan, ó sì mu ju ìlà lọ. Ní ọjọ́ kejì ó lọ jẹ́wọ́ fún arúgbó, ojú tì í.

Efúnyẹmí kò bá a wí. Ó mú ẹfun, ó tún ìlà náà fà. “Ẹni tó ṣubú tó sì wá sọ, ó ṣì wà lójú ọ̀nà.”

Nígbà tó di ọjà kẹrìndínlógún, ìlà kan ìdí igbá. Ẹsẹ̀ Ògúnjìnmí kò wú mọ́, ojú rẹ̀ ti mọ́, oúnjẹ sì ń wọlé. Ẹ̀gúsí tó bó lọ́jọ́ náà kún àwo, kò sí ẹyọ kan tó fọ́. Arúgbó gbé abẹ fún un. Ìbejì ni ó kọ́kọ́ kọlà fún, ilà àwọn méjèèjì dọ́gba.

Àlàdé ń mu lọ. Inú rẹ̀ wú, apá rẹ̀ gbẹ, ó ń gbàgbé orúkọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó bì, ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ògúnjìnmí, bá mi bẹ Ìyá. Kí ó fa ìlà fún èmi náà.”

Efúnyẹmí wá, ó fọwọ́ kàn án ní abẹ́ ìhà ọ̀tún. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi yóò fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ti gan.” Ó fa ìlà náà lóòótọ́, Àlàdé sì pa á mọ́ ju bí Ògúnjìnmí ti pa á mọ́ lọ. Kò rí iṣu tuntun ọdún náà jẹ.

Báyìí ni ẹni tó gbọ́ ṣe gbó tí ó tọ́, tí ó kọlà fún ọmọ ọmọ àwọn tó ti kọlà fún. Ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín padà wá bẹ̀bẹ̀ fún un, nígbà tí ara kò ní ohun tí yóò fi gbà á mọ́.